Kúlíkúlí Kì í Ṣe Adìyẹ

Orúkọ ọmọ yìí ni Asiyah. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ilé wọn wà ní Ayétòrò, létí títì.

Lónìí ọjọ́ Sátidé, inú ń bí Asiyah.

Inú ń bí i gan-an ni. Ẹ wo bó ṣe ká apá mọ́ àyà. Ẹ wo bó ṣe ń fẹsẹ̀ janlẹ̀.

Gbì! Gbì! Gbì!

Kí ló bí i nínú? Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ fún yín. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, inú á bí ẹ̀yin náà.

Asiyah ní ológbò kan. Kúlíkúlí ni orúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi kúlíkúlí tí à ń fi mu gàrí.

Ṣùgbọ́n kò le bíi kúlíkúlí. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́.

Àǹtí Mẹ̀dínátù ló gbé e wá láti Ìlárá. Inú páálí bisikíìtì ló wà nígbà náà. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Inú ilé ni Kúlíkúlí ń gbé. Inú ilé ló ti ń jẹun. Inú ilé ló ti ń sùn. Inú ilé ló ti ń lé eku.

Kò jáde rí.

Kí ló dé tí kò jáde rí? Ẹ tẹ́tí sílẹ̀.

Gbùùùrùùùù! Pàáàááá!

Ṣé ẹ gbọ́? Tírélà nìyẹn. Tírélà ń kọjá níwájú ilé wọn láàárọ̀. Tírélà ń kọjá lọ́sàn-án. Tírélà tó kó sìmẹ́ńtì. Tírélà tó kó igi. Táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Asiyah.

Kúlíkúlí kò mọ tírélà. Kúlíkúlí kò mọ títì. Ṣùgbọ́n Asiyah mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí Asiyah fi máa ń ti ilẹ̀kùn. Tó bá wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Pà! Tó bá jáde, á ti ilẹ̀kùn. Pà!

Bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Títí òjò fi rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ìyá àgbà sá láfún sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà ni ìyá tó bí bàbá Asiyah. Wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi. Wọ́n ti sá a sórí tapólì ńlá, kó lè gbẹ.

Kò tíì gbẹ rárá, òjò dé.

Wàààààà!

"Ẹ gbé e wọlé!" Ìyá àgbà pariwo. "Ẹ gbé láfún mi wọlé!"

Màmá Asiyah gbé láfún. Bọ̀dá Mùnírù náà gbé láfún. Bọ̀dá Mùnírù ni àbúrò bàbá Asiyah. Asiyah fi igbá kékeré gbé tirẹ̀.

Wọ́n tẹ́ láfún sí pálọ̀. Wọ́n tẹ́ láfún sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tan fáànù sí i.

Ó wà níbẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Ẹ fa imú yín. Hùn-ùn! Ilé ń kan! Ìrọ̀rí ń rùn bíi láfún. Aṣọ ilé-ìwé ń rùn bíi láfún. Kódà etí Kúlíkúlí ń rùn bíi láfún.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, oòrùn yọ. Gbogbo wọn kó láfún padà sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá àgbà wá pàtẹ́wọ́. Pá! Pá!

"Ó yá! Ẹ ṣí ilé sílẹ̀! Ẹ ṣí fèrèsé! Ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú! Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn! Ilé yìí gbọ́dọ̀ mí!"

Ṣààrà! Fèrèsé kan ṣí. Ṣààrà! Fèrèsé kejì ṣí. Gbàyà! Ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Asiyah sáré jáde láti yàrá rẹ̀. Kúlíkúlí wà ní apá rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ dúró! Kúlíkúlí ńkọ́?"

"Kí ló ṣe Kúlíkúlí?" Ìyá àgbà béèrè.

"Á jáde! Tírélà wà níta!"

"Ológbò kì í sọnù," ni Ìyá àgbà wí. "Ológbò gbọ́n. Jẹ́ kí ilé mí jàre."

"Ṣùgbọ́n, Ìyá àgbà…"

"Asiyah, ọmọdé ni ọ́. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ọmọ ń béèrè ọ̀rọ̀ ológbò, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ igi fún un. Ta ló fẹ́ gun igi?

Bọ̀dá Mùnírù dé. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyẹn ò le," ló wí. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo mọ ohun tí a máa ṣe."

Bọ̀dá Mùnírù ń sin ewúrẹ́. Ewúrẹ́ mẹ́rin ló ní. Ó lọ mú okùn. Ó so okùn mọ́ Kúlíkúlí nídìí. Ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

"Bí mo ṣe ń so Ọ̀láńrewájú nìyí," ló wí. Ọ̀láńrewájú ni òbúkọ rẹ̀. "Kò já okùn rí."

Kúlíkúlí wo okùn. Ó wo tábìlì. Ó fún ikùn.

Yọ̀bọ̀!

Okùn nìkan ló kù nílẹ̀. Kúlíkúlí ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá.

"Kúlíkúlí kì í ṣe ewúrẹ́!" Asiyah ké. "Ológbò ni!"

Bọ̀dá Mùnírù rẹ́rìn-ín. Hà hà hà!

Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Asiyah kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá so ẹ̀yin mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ṣé ẹ máa rẹ́rìn-ín?

Asiyah lọ mú agolo edé. Ó mi agolo náà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Kúlíkúlí yọ imú. Ó yọ etí. Ó jáde wá jẹ edé kan. Asiyah gbé e mọ́ra.

Ó ń gbé e lọ sí yàrá rẹ̀ nígbà tí Màmá pè é. Màmá ń fọ kọ́tìnì lẹ́yìn ilé.

"Asiyah! Wá bá mi di etí kọ́tìnì yìí mú ká fún un!"

Asiyah wo Màmá. Ó wo Kúlíkúlí. Ó wo ilẹ̀kùn iwájú tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ bá mi mú un dání. Ẹ má jẹ́ kó jáde."

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá àgbà wí. "Máa lọ."

Asiyah lọ. Ó di etí kọ́tìnì mú. Màmá lọ́ ọ sápá ọ̀tún. Asiyah lọ́ ọ sápá òsì. Omi dà. Ṣàà!

Ìyá àgbà mú Kúlíkúlí dání lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbá ilé. Wọn kò tíì nu pálọ̀. Ọwọ́ wọn kan mú ológbò, ọwọ́ kan mú ìgbálẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé ṣe.

Ìyá àgbà ronú. Wọ́n wá rántí àgò adìyẹ.

Ṣé ẹ mọ àgò adìyẹ? Apẹ̀rẹ̀ ńlá ni, ó ní ojú kéékèèké káàkiri. Tí adìyẹ bá ní ọmọ, a máa ń dé àgò mọ́ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àṣá kò ní rí wọn gbé. Ọmọ kò ní rìn lọ.

Ó dára fún adìyẹ. Fún adìyẹ!

Ìyá àgbà gbé Kúlíkúlí lọ síwájú ilé, sábẹ́ igi fúrúùtù. Wọ́n dé àgò mọ́ ọn. Wọ́n gbé òkúta lé e lórí.

Wọ́n ro ó lọ, wọ́n ro ó bọ̀. Wọ́n tún da àgbàdo sí i.

Àgbàdo! Fún ológbò!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Ta ló ń fún ológbò lágbàdo?

Asiyah fún kọ́tìnì tán. Ó sáré wọlé. Kò rí Kúlíkúlí ní pálọ̀. Kò rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yọjú síta.

Ó rí àgò. Ó rí òkúta. Ó rí ojú méjì tó ń wò ó láti inú àgò.

"Mìáò," ni Kúlíkúlí wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ìyá àgbà!" Asiyah ké. "Kúlíkúlí kì í ṣe adìyẹ!"

"Kí ló ṣe é níbẹ̀?" Ìyá àgbà béèrè. "Àgò yìí ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Adìyẹ kankan kò jáde rí lábẹ́ rẹ̀."

"Adìyẹ nìyẹn! Ológbò ni Kúlíkúlí!"

Gbì! Asiyah fẹsẹ̀ janlẹ̀. Bó ṣe ń bínú nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ ti wá rí i báyìí? Ṣé kò tọ́ sí i kó bínú?

Ó fẹ́ sáré lọ gbé òkúta náà kúrò. Ṣùgbọ́n adìyẹ kan ti ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀.

Adìyẹ gidi ni. Adìyẹ Ìyá àgbà ni. Ó ti rí àgbàdo.

Ó ti ẹnu bọ ojú àgò. Kó! Ó ṣá àgbàdo kan. Kó! Ó ṣá èkejì.

Kó! Ó ṣá ìrù Kúlíkúlí.

"MÌÁÁÁÁÒ!"

Kúlíkúlí fò. Àgò fò. Òkúta já bọ́. Gbì!

Àgò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ó rìn sọ́tùn-ún. Adìyẹ sá. Kẹ̀kẹ̀kẹ́ẹ̀! Ó rìn sósì. Bọ̀dá Mùnírù di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo àgò tó ń rìn! Hà hà hà!"

Àgò sáré. Àgò yí pooyì. Àgò kọlu gbòǹgbò igi fúrúùtù.

Gbìràgàdà!

Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kúlíkúlí yọ jáde.

Fìàààà!

Kò sá sínú ilé. Títì ló sá lọ.

Bọ̀dá Mùnírù kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àyà Asiyah já. Ó sáré títí dé etí títì. Ó dúró síbẹ̀. Asiyah kò gbọdọ̀ dá sọdá títì. Òfin Màmá nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó dúró.

"Màmá! Màmá! Kúlíkúlí ti jáde!"

Màmá sáré dé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ìyá àgbà sáré dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Bọ̀dá Mùnírù sọdá títì. Ó fa igi gígùn kan yọ nínú igbó.

"Ibo ló gbà?"

"Ó ti gun igi!"

"Rárá, ó ti fo ògiri!"

"Ó wà lórí páànù ilé yẹn!"

Gbogbo wọn ń wòkè. Gbogbo wọn ń pariwo.

Asiyah nìkan ni kò wòkè. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀. Ó ń wo ìsàlẹ̀.

Tírélà ńlá kan dúró ní òdìkejì títì. Awakọ̀ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Táyà rẹ̀ pọ̀. Táyà kìíní. Táyà kejì. Táyà kẹta.

Lẹ́yìn táyà kẹta, ojú méjì ń tàn.

Kúlíkúlí!

Ó ká jọ. Ó ń gbọ̀n.

Nígbà náà gan-an ni awakọ̀ padà dé. Ó fi omi ráńpẹ́ bọ́jú. Ó gun ọkọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Kùtù kùtù kùtù…

GBÙÙÙRÙÙÙÙ!

"Ẹ má lọ!" Asiyah ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ! Kúlíkúlí wà lábẹ́ ọkọ̀!"

Awakọ̀ kò gbọ́. Ariwo tírélà bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Asiyah yíjú padà. Ó di ìró Ìyá àgbà mú. Ó fà á.

"Ìyá àgbà, lábẹ́ táyà! Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó!"

Orúnkún máa ń dun Ìyá àgbà. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ojú Asiyah. Omijé ti kún un.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀. Orúnkún dún. Kọ́!

Wọ́n rí i.

"Làílàhà!"

Ìyá àgbà wo ọ̀tún. Wọ́n wo òsì. Ọkọ̀ kankan kò bọ̀. Wọ́n sọdá.

Wọ́n lọ dúró níwájú tírélà. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tìgbálẹ̀tìgbálẹ̀.

Ìyá àgbà kéré. Tírélà tóbi.

PÀÁÀÁÀÁ! Tírélà fun fèrè.

Ìyá àgbà kò mira.

PÀÁÀÁÀÁÀÁ!

Ìyá àgbà tún sún mọ́ ọn sí i.

Awakọ̀ yọ orí síta. Àúdù ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà gàdàgbà.

"Ìyá, kí ló dé? Kí lẹ ń wá níwájú ọkọ̀?"

"Pa iná ọkọ̀ yẹn!" Ìyá àgbà wí. "Ológbò ọmọ mi wà lábẹ́ rẹ̀!"

"Ológbò?" Àúdù la ẹnu. "Nítorí ológbò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Nítorí ológbò! Ọmọ ń sunkún níbẹ̀ yẹn, o ń bi mí ní ìbéèrè! Pa á!"

Ẹ wo Ìyá àgbà! Inú ti wá ń bí àwọn náà. Ó mà pẹ́ kó tó bí wọn o!

Àúdù pa iná ọkọ̀.

Ó dákẹ́. Tírélà nìkan ló dákẹ́ o. Àwọn èèyàn kò dákẹ́.

Màmá mú agolo edé wá láti inú ilé. Ó di ọwọ́ Asiyah mú. Àwọn méjèèjì sọdá. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ariwo ti sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n fi igi lé e jáde," ni Bọ̀dá Mùnírù wí.

"Omi ni ká dà sí i," ni Àúdù wí.

"Ṣù! Ṣù! Jáde síbí!" ni Ìyá àgbà wí. Wọ́n ń na ilẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Pàì! Pàì!

Kúlíkúlí túbọ̀ ká jọ. Ó sún sẹ́yìn, sẹ́yìn, sẹ́yìn.

Asiyah kò lè gbà á mọ́. Ó la ẹnu.

"Ẹ DÁKẸ́!"

Hẹ̀ẹ̀!

Gbogbo wọn dákẹ́. Bọ̀dá Mùnírù dákẹ́. Àúdù dákẹ́. Ìgbálẹ̀ Ìyá àgbà dúró sójú afẹ́fẹ́.

Ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé kó dákẹ́. Asiyah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ ń dẹ́rù bà á ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Bọ̀dá Mùnírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju igi yẹn nù."

Bọ̀dá Mùnírù wo Màmá. Màmá mi orí sí i. Ó ju igi nù.

Gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ kan. Ìṣísẹ̀ méjì. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Asiyah kò wọ abẹ́ ọkọ̀. A kì í wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá jókòó tì í. Asiyah mú agolo.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Kò sí nǹkan kan.

"Kúlíkúlí, máa bọ̀. Èmi ni."

Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Imú kékeré kan yọ lẹ́yìn táyà.

"Máa bọ̀. Wọ́n ti dákẹ́."

Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ méjì. Ó dúró. Ó wo Ìyá àgbà. Ìyá àgbà fi ìgbálẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn.

Ẹsẹ̀ kan sí i. Òmíràn. Òmíràn.

Fìrì! Ó ti wà ní itan Asiyah.

Asiyah gbá a mọ́ra. Ọ̀rá ọkọ̀ ti kùn ún lẹ́yìn. Ìdọ̀tí ti bo imú rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì-kì. Àyà Asiyah náà ń lù kì-kì-kì-kì.

"Ẹ kú oríire o," ni Àúdù wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá gun ọkọ̀, ó sì rọra wà á lọ.

Gbogbo wọn padà sílé.

Nígbà tí wọ́n délé, kí lẹ rò pé wọ́n bá? Ilẹ̀kùn iwájú ṣì ṣí gbayawu. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ṣí gbayawu. Gbogbo fèrèsé ṣì ṣí.

Asiyah dúró sí àárín pálọ̀. Ó gbá Kúlíkúlí mọ́ àyà. 

"Mo sọ fún yín," ló wí. "Mo sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ so ó bí ewúrẹ́. Ẹ dé e bí adìyẹ. Ẹ fún un lágbàdo! Kò sí ẹni tó bi mí pé, 'Asiyah, kí ni ká ṣe?' Ẹnì kankan ò bi mí! Èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n!"

Bọ̀dá Mùnírù fẹ́ fi àgbàdo yẹn rẹ́rìn-ín. Màmá wò ó. Ó pa ẹnu mọ́.

Ìyá àgbà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n lọ ti ilẹ̀kùn iwájú. Pà! Wọ́n lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Pà! Wọ́n padà wá. Wọ́n jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ gan-an, kí ojú wọn lè ko ojú Asiyah.

"Asiyah," ni wọ́n wí. "Kí ni ká ṣe?"

Asiyah nu ojú. Ó ronú. Ó wo pálọ̀. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ṣé dandan ni kí gbogbo ilé mí lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn," ni Ìyá àgbà wí.

"Ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀díẹ̀. Kúlíkúlí á wà ní yàrá mi. A máa ti fèrèsé yàrá. A máa ti ilẹ̀kùn yàrá. A máa gbé omi sí i àti ike iyanrìn tó máa ń yàgbẹ́ sí. Pálọ̀ á wá mí. Kíṣìnì á mí."

"Yàrá tìrẹ ńkọ́? Ó ń kan."

"Tí pálọ̀ bá mí tán, a máa tì í. Kúlíkúlí á wá sí pálọ̀. Yàrá mi á wá mí."

Ìyá àgbà wo ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Atẹ́gùn á gba ibí wọlé," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Á gba ọ̀hún jáde. Yàrá rẹ kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀ rárá." Wọ́n mi orí. "Asiyah, ó máa ṣeé ṣe."

"Tí ẹnì kan bá gbàgbé, tó sì ṣí yàrá náà ńkọ́?" Bọ̀dá Mùnírù béèrè.

Asiyah mú ìwé. Ó mú kíréyọ́ọ̀nù. Ó ya ológbò kan pẹ̀lú irùngbọ̀n mẹ́fà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Bọ̀dá Mùnírù wò ó dáadáa. "Ṣé ewúrẹ́ nìyí?"

Asiyah wò ó. Ó wò ó gan-an ni.

"Ológbò ni!" ni Bọ̀dá Mùnírù wí kíákíá. "Mo rí i! Ológbò ni!"

Wọ́n gbé Kúlíkúlí sí yàrá. Omi rẹ̀ wà níbẹ̀. Iyanrìn rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ti fèrèsé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ó yá o," ni Asiyah wí.

Ṣààrà! Ṣààrà! Gbàyà!

Fúúúúú! Atẹ́gùn wọlé. Ó fẹ́ tábìlì. Ó fẹ́ àga. Ó gba kíṣìnì jáde, ó sì kó òórùn láfún lọ.

Wọ́n ti pálọ̀. Kúlíkúlí bọ́ sí pálọ̀. Ó gbóòórùn àga, ó gbóòórùn tábìlì. Wọ́n wá ṣí fèrèsé yàrá.

Fúúúúú!

Kó tó di àsìkò ìrun Alásárì, gbogbo ilé ti mí. Ìrọ̀rí kò rùn mọ́. Aṣọ ilé-ìwé kò rùn mọ́. Kúlíkúlí fi ahọ́n nu ara rẹ̀ títí ó fi sùn lọ lórí àga.

Ìyá àgbà jókòó ti Asiyah.

"Asiyah, èmi ni mo ṣe àṣìṣe," ni wọ́n wí. "O sọ fún mi, mi ò gbọ́. Má bínú sí mi."

Ṣé ẹ gbọ́ yẹn? Ìyá àgbà ló ń bẹ Asiyah! Wọ́n ti ju àádọ́rin ọdún lọ, wọ́n sì bẹ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀.

"Inú ṣì ń bí mi díẹ̀," ni Asiyah wí.

"Báwo ló ṣe kù tó?"

Asiyah fi ìka méjì hàn án. "Bíńtín báyìí."

"Ìyẹn tọ́ sí mi," ni Ìyá àgbà wí.

Wọ́n na ọwọ́. Asiyah fi orí lé wọn léjìká.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Sátidé mìíràn dé. Oòrùn yọ, Ìyá àgbà sì fẹ́ kí ilé mí.

Wọ́n lọ sí ìdí fèrèsé pálọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n dúró.

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Asiyah. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

"Asiyah," ni Ìyá àgbà wí, "mo fẹ́ ṣí fèrèsé. Ṣé ká ṣí i?"

Asiyah wo orí bẹ́ẹ̀dì. Kúlíkúlí ń sùn níbẹ̀. Ó wo fèrèsé yàrá. Ó tì pa.

"Ẹ ṣí i, Ìyá àgbà," ló wí.

Ìyá àgbà wá lọ ṣí fèrèsé.